Kí wọ́n tó fọ́màtì kọ̀ǹpútà yín l'Àjàṣẹ́: àyẹ̀wò irinṣẹ́ tí Windows fúnra rẹ̀ ní fún prófáìlì tó bàjẹ́

Ẹ tan kọ̀ǹpútà ilé, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó gbà á, àmọ́ ojú tó yọ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lánàá. Àwòrán ẹ̀yìn ti di búlúù lásán. Gbogbo fáìlì tó wà lójú Bureau ti pòórá. Chrome ń kí yín káàbọ̀ bí àlejò tí kò dé ilé náà rí. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, Windows ń ṣàlàyé lédè Faransé pé profil temporaire lòun fi gbà yín wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ilé l'Àjàṣẹ́, ohun tó kàn ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé itan lẹ́yìn zémìjáàn, ó di ìsọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe lápá Ouando, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì gbọ́ níbẹ̀ ni pé ó máa gba formatage, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo dísìkì kí wọ́n sì tún Windows fi sí i. Kò gbà á. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ohun tá a gbé yẹ̀wò níbí ni àwọn irinṣẹ́ tó ti wà nínú Windows 10 àti 11 látilẹ̀, tí ẹ ò ní san fàráǹkì kan lé lórí. A fi iṣẹ́ formatage tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ká lè mọ èyí tó sàn. Àwọn irinṣẹ́ náà dáa, a fún wọn ní 4 nínú 5, àmọ́ ẹni tó tò wọ́n ò ṣàánú ẹni tó máa lò wọ́n rárá. Ó fi ọ̀bẹ sí yàrá, ó fi ata sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sọ fún ẹnì kankan pé ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n wà fún.

Kí ló bàjẹ́ gan-an? Àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ nínú C:\Users, òun ni wọ́n ń pè ní prófáìlì. Windows tó ń sọ Faransé máa ń kọ ọ́ sójú fèrèsé pé Utilisateurs, àmọ́ Users lorúkọ àbísọ rẹ̀, òun sì lẹ gbọ́dọ̀ lò bẹ́ ẹ bá ń tẹ àṣẹ. Nínú fódà yẹn, fáìlì kan wà tí wọ́n fi pamọ́, NTUSER.DAT. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣesí yín wà: àwòrán ẹ̀yìn, ìtẹ̀wé tẹ́ ẹ yàn, èdè kííbọ́ọ̀dù, bí ẹ ṣe to sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá wọlé, Windows á ṣí i, á sì dì í mú títí ẹ ó fi jáde. Ibì kejì ni ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní ProfileList nínú Registry, ìwé àkọsílẹ̀ ńlá Windows. Ibẹ̀ ló ti ń wo nọ́ńbà àkáǹtì yín kó tó mọ fódà tó jẹ́ tiyín. Àìsàn ibi méjèèjì jọra lójú, ìwòsàn wọn ò jọra. Bó bá jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ló ṣìnà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bó bá jẹ́ NTUSER.DAT ló jẹrà, ẹ máa kó lọ sílé tuntun ni.

Iná tó ń lọ lójijì ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Ó jẹ̀bi lóòótọ́, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì, tàbí kọ̀ǹpútà àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Àmọ́ Windows gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ NTUSER.DAT ló tọ́jú ìwé kékeré méjì sí, tí orúkọ wọn parí sí LOG1 àti LOG2. Ó máa ń kọ́kọ́ kọ ìyípadà sínú wọn kó tó kọ ọ́ síbi gangan, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ láàárín méjì, inú wọn ló ti máa parí iṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá tún tan án. Nítorí náà, bí prófáìlì bá ń bàjẹ́ léraléra nílé kan, ẹ fura sí dísìkì kẹ́ ẹ tó fura sí iná. Ẹ tún wo bóyá C: ti kún dẹ́nu, torí Windows ò lè kọ nǹkan síbi tí kò sí àyè. Antivirus náà lè di fáìlì náà mú lásìkò tẹ́ ẹ ń wọlé gan-an. Ẹni tó sì tẹ bọ́tìnnì iná nígbà tí mise à jour ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ sójú Bureau tẹ́ ẹ ń wò yẹn. Fódà C:\Users\TEMP lẹ wà. Gbàrà tẹ́ ẹ bá jáde, Windows á pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó kọ ojú ewé mẹ́wàá mémoire sínú rẹ̀ ní alẹ́, òfìfo ló máa bá láàárọ̀. Àwọn fáìlì yín àtijọ́ ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ ṣí C:, ẹ ṣí Utilisateurs, ẹ ó bá fódà tó ń jẹ́ orúkọ yín níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí Windows ní kẹ́ ẹ tẹ Continuer, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún un tàn, kó jẹ́ Redémarrer, kó má jẹ́ Arrêter. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì yàtọ̀. Lórí Windows 10 àti 11, Arrêter kì í sábà pa gbogbo ẹ̀rọ tán nítorí démarrage rapide: ó ń fi apá kan pamọ́ sórí dísìkì kó lè tètè jí. Redémarrer ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ antivirus ló di fáìlì mú, ọ̀ràn lè parí síbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá gbọ́, ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tá a fẹ́ yìn ni Observateur d'événements, tí ìsọ̀ púpọ̀ kì í ṣí rárá. Ẹ tẹ àmì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ eventvwr, ẹ lọ sí Journaux Windows, lẹ́yìn náà Application, kẹ́ ẹ wá ohun tó wá láti ọ̀dọ̀ User Profile Service ní wákàtí tẹ́ ẹ wọlé. Nọ́ńbà 1511 ń sọ pé òun ò rí prófáìlì yín, òun fi ti ìgbà díẹ̀ gbà yín. 1515 ń sọ pé òun ti gbé prófáìlì yín sápá kan, ìyẹn ni pé á ti fi .bak sí i nídìí nínú ProfileList. Méjèèjì yìí mú ìrètí wá, torí ìwé àkọsílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. 1508 le jù wọ́n lọ: kò lè ka NTUSER.DAT, yálà ó bàjẹ́ tàbí àṣẹ láti kà á ti sọnù. 1530 kì í ṣe nǹkan. Ìkìlọ̀ lásán ni pé sọ́fítíwíà kan ò tètè fi fáìlì sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń jáde, ẹ̀rọ tó dá ṣáṣá pàápàá máa ń kọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ mú wá látìta ni CrystalDiskInfo. Ọ̀fẹ́ ni, Japan ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ń sọ Faransé. Ó ń ka ìlera dísìkì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lórí dísìkì tó ń yí, ìlà mẹ́ta lẹ máa wò: 05, C5 àti C6. 05 ni iye ojú ibi tó ti kú tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò. C5 ni iye èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́. C6 ni èyí tí kò ṣe é kà mọ́. Bí àwọ̀ bá ti di yẹ́lò, ẹ dá gbogbo àtúnṣe dúró, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ chkdsk C: /r lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó ẹrù yín kúrò. Àṣẹ yẹn máa ka gbogbo ojú dísìkì láti òkè dé ilẹ̀, wákàtí mélòó kan ni, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ yẹn gan-an ló máa pa á.

Fún ẹ̀dà, robocopy ló gbawájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ojú rárá, àṣẹ lásán ni. Ẹ so dísìkì ìta mọ́ ẹ̀rọ, ẹ wo lẹ́tà rẹ̀ (ká ní E: ni), ẹ ṣí Invite de commandes pẹ̀lú Exécuter en tant qu'administrateur, kẹ́ ẹ tẹ èyí. Ẹ fi orúkọ fódà tiyín dípò Adunni:

robocopy "C:\Users\Adunni" "E:\Adunni" /E /B /XJ /R:1 /W:1

/E ń mú gbogbo fódà inú rẹ̀ dání, títí kan èyí tó ṣófo. /B ń jẹ́ kí alákòóso ka fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ láìyí àṣẹ lórí wọn padà. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ẹ ju takeown tí gbogbo èèyàn máa ń dámọ̀ràn: takeown ń yí ẹni tó ni fódà padà, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì lè fẹ́ tún prófáìlì yẹn lò. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lò ó lórí Windows Faransé, /D O ni ìdáhùn, O ti Oui, kì í ṣe Y. /XJ ṣe pàtàkì gan-an, torí nínú AppData, ibi tí sọ́fítíwíà ń kó ẹrù wọn sí nínú prófáìlì yín, fódà kan wà ní AppData\Local tó ń jẹ́ Application Data, tí kì í ṣe fódà tòótọ́. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó ń tọ́ka padà sí AppData\Local kan náà ni, ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé á máa yí po títí dísìkì ìta á fi kún. /R:1 àti /W:1 náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ ẹ ò bá fi wọ́n sí i, robocopy á gbìyànjú fáìlì tó bàjẹ́ kan nígbà 1.000.000, á sì sinmi 30 ìṣẹ́jú àáyá láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn fúnra yín.

Ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́, ó yá, regedit. Èyí ni ìdí abájọ, òun náà ni àwọn tó ń tajà formatage kì í fẹ́ fàkókò sí. Ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà àkáǹtì yín: whoami /user nínú Invite de commandes máa gbé e jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21, ó sì sábà máa ń parí sí 1001 tàbí 1002. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà ìdí rẹ̀ sórí bébà. Bẹ́ ẹ bá ní àkáǹtì alákòóso mìíràn lórí ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn kẹ́ ẹ sì fi ìyẹn wọlé, torí ojú ewé tẹ́ ẹ fẹ́ tún kọ kò ní sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nígbà náà. Ẹ tẹ regedit, kẹ́ ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ báyìí:

HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion\ProfileList

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ ProfileList lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ sí Fichier, Exporter, kẹ́ ẹ fi í pamọ́ sórí dísìkì ìta. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ohun tẹ́ ẹ parẹ́ á padà wá.

Ní apá òsì ẹ ó rí àwọn kúkúrú mẹ́ta, S-1-5-18, 19 àti 20. Ti Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn, ẹ má wò wọ́n. Ẹ wá nọ́ńbà tiyín láàárín àwọn gígùn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ ó bá a lẹ́ẹ̀mejì bí ìbejì: ọ̀kan lásán, ọ̀kan pẹ̀lú .bak nídìí. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ProfileImagePath ní apá ọ̀tún. Èyí tó ní .bak á máa tọ́ka sí C:\Users\Adunni, ilé yín gan-an. Èyí tó wà lásán á máa tọ́ka sí C:\Users\TEMP. Bí ọ̀ràn ṣe rí nìyẹn: wọ́n gbé onílé sápá kan, àlejò wá gba orúkọ rẹ̀. Ẹ tẹ àlejò ní bọ́tìnnì ọ̀tún, Renommer, ẹ fi .old sí i nídìí. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó lọ yọ .bak kúrò nídìí onílé. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, Windows á kọ̀, torí méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan. Nínú onílé, ẹ wá State, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́ di 0. Bí RefCount bá wà níbẹ̀, ẹ sọ òun náà di 0. Bí kò bá sí, ẹ má dá a sílẹ̀. Ẹ pa regedit dé, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ fi àkáǹtì yín wọlé.

Bó bá jẹ́ .bak nìkan ṣoṣo lẹ bá, tí kò sí ìbejì, ẹ yọ .bak kúrò, ẹ sì sọ State di 0. Bí nọ́ńbà yín bá wà lẹ́ẹ̀kan, láìsí .bak, tí ọ̀nà tó tọ́ka sí tọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ò jẹ̀bi, ẹ lọ wo NTUSER.DAT. Bákan náà ni bẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, tí .bak tún hù padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Àwọn kan á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́.

Ọ̀nà tá a fi ń dán NTUSER.DAT wò wà nínú regedit kan náà, ìwọ̀nba èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wà nínú àkáǹtì mìíràn, ẹ tẹ HKEY_USERS, ẹ lọ sí Fichier, Charger la ruche. (Àwọn Faransé ń pe irú fáìlì yìí ní ilé oyin. Ó bá a mu: ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sì rántí pa á dé.) Ẹ tọ́ka sí C:\Users\Adunni\NTUSER.DAT, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ kan, ká ní idanwo. Bí kò bá ṣí, tó ní fáìlì náà ò ṣe é kà, ó ti jẹrà. Bó bá ṣí, ara fáìlì le, àṣẹ ló sábà máa ń sọnù: ẹ tẹ idanwo ní bọ́tìnnì ọ̀tún, Autorisations, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orúkọ Adunni, Système àti Administrateurs ní Contrôle total. Ẹ fi èyí tó bá sọnù sí i. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ idanwo, Fichier, Décharger la ruche. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, òun fúnra rẹ̀ ló tún di fáìlì mú. Adunni ò ní lè wọlé, wọ́n á sì ní àtúnṣe ò ṣiṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé fáìlì tó jẹrà ti lọ, ẹ dán Restauration du système wò. Àṣẹ rẹ̀ ni rstrui. Ó ń dá Registry àti NTUSER.DAT padà sí bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yàn, kì í sì í fọwọ́ kan ìwé àti àwòrán yín. Sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi sí i lẹ́yìn ọjọ́ yẹn máa lọ. Irinṣẹ́ gidi ni. Ohun tó bà á jẹ́ lójú wa ni pé ó sábà máa ń wà ní pípa lórí Windows 10 àti 11, onílé ò sì mọ̀ títí ọjọ́ tó nílò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ rstrui tó ní òun ò rí ọjọ́ kankan, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ó kù kẹ́ ẹ kó lọ sílé tuntun. Paramètres, Comptes, Autres utilisateurs (Famille et autres utilisateurs lórí Windows 10), ẹ fi ẹnì kan kún un. Bó bá béèrè email, ẹ yan pé ẹ ò ní ìsọfúnni ẹni náà, lẹ́yìn náà Ajouter un utilisateur sans compte Microsoft. Ẹ sọ ọ́ di Administrateur. Ẹ fi wọlé lẹ́ẹ̀kan kí Windows lè kọ́ fódà rẹ̀, kẹ́ ẹ tó kó ẹrù. Ẹ má kó gbogbo fódà àtijọ́ wá bó ṣe wà, torí NTUSER.DAT tó jẹrà á bá wọn wọlé. Ẹ kó Documents, Desktop, Pictures, Music, Videos àti Downloads, ó tán. Látinú AppData, ohun tẹ́ ẹ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ mú.

Ibí yìí ni omijé máa ń wà. Ẹ lè mú fódà Chrome wá tòun ti bookmark, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó tọ́jú kò ní ṣí. Windows fi kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ nọ́ńbà àkáǹtì àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ tì wọ́n pa, àkáǹtì tuntun sì ní nọ́ńbà mìíràn. Ẹni tó so Chrome rẹ̀ mọ́ àkáǹtì Google ò ní ìṣòro, yóò kàn tún wọlé ni. Firefox rọrùn jù: ẹ mú fódà Profiles àti fáìlì profiles.ini láti AppData\Roaming\Mozilla\Firefox, ọ̀rọ̀ ìwọlé á bá a wá. Fún àwọn bébà yẹ́lò orí Bureau tí ìyá ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè oníbàárà, ẹ wá plum.sqlite nínú fódà Microsoft.MicrosoftStickyNotes tó wà ní AppData\Local\Packages, nínú LocalState. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst ni lẹ́tà Outlook wà nínú rẹ̀. Wi-Fi ò sábà nílò kíkó, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe àkáǹtì kan. Bí àkáǹtì tuntun náà bá tún ṣe bí ti àtijọ́, C:\Users\Default ló bàjẹ́, torí láti inú rẹ̀ ni Windows ti ń bí àkáǹtì tuntun. Ẹ mú NTUSER.DAT rẹ̀ látorí ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo irú Windows kan náà.

Sfc /scannow ńkọ́, tí gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ? A fún un ní 2 nínú 5 fún iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe pé ó burú. Fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ló ń tún ṣe, kì í fọwọ́ kan NTUSER.DAT tàbí ProfileList. Ẹ lò ó bí àkáǹtì méjì mẹ́ta bá ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth ló sì yẹ kó ṣáájú rẹ̀, torí òun ló ń tún àpò tí sfc ti ń mú ẹrù ṣe. Ó lè gba ohun tó nílò láti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí data tó ku díẹ̀.

Bí Windows ò bá gbà yín wọlé rárá, tí kò tilẹ̀ fún yín ní TEMP, ọ̀nà ṣì wà. Ní ojú ìwọlé, ẹ di Maj mú, kẹ́ ẹ tẹ Redémarrer. Dépannage, Options avancées, Invite de commandes. Ó lè béèrè nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì pa; díjíìtì 48 ló wà nínú nọ́ńbà náà. Bẹ́ ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà, ẹ wá a nínú àkáǹtì yẹn látorí fóònù. Ẹ tẹ regedit. Lẹ́tà orí kííbọ́ọ̀dù Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń dàrú níbẹ̀, àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo lẹ́tà regedit wà lórí méjèèjì. Sfc /scannow ò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, a rẹ̀ á di q. Registry tẹ́ ẹ ń wò níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé yín, ti Windows kékeré tó wà fún àtúnṣe ni. Ìdí nìyẹn tí net user ò fi lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ HKEY_LOCAL_MACHINE, Fichier, Charger la ruche, ẹ mú SOFTWARE nínú Windows\System32\config lórí dísìkì yín, tó lè máa jẹ́ D: níbẹ̀ dípò C:, ẹ sọ ọ́ ní ile. ProfileList á wà lábẹ́ ile\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion. Ẹ tún un ṣe bá a ṣe wí, ẹ tú u sílẹ̀ pẹ̀lú Décharger, ẹ tan ẹ̀rọ.

Àwọn sọ́fítíwíà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣèlérí pé ìtẹ̀ kan ṣoṣo làwọn fi máa wo gbogbo rẹ̀ sàn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà wọ́n.

Ó wá ku formatage. A ò ní kó gbogbo ìsọ̀ pọ̀ bú. Bí dísìkì bá ń kú, tí wọ́n fẹ́ fi SSD tuntun (dísìkì tí kì í yí) rọ́pò rẹ̀, tàbí tí fáírọ́ọ̀sì ti gba ilé, iṣẹ́ tó yẹ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà l'Àjàṣẹ́. Fún prófáìlì tó bàjẹ́ lásán, a fún un ní 1 nínú 5. Sọ́fítíwíà yín máa lọ, ètò yín máa lọ, bí wọn ò bá sì ṣe ẹ̀dà, ìwé yín náà máa lọ. Lórí dísìkì tó ń yí, wọ́n ṣì lè hú díẹ̀ jáde bí wọn ò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e. Lórí SSD, Windows sábà máa ń sọ fún dísìkì pé kó nu ojú ibi tó ṣófo, kì í sì í pẹ́. Àṣẹ Windows tó bá ẹ̀rọ wá kì í ṣòro, ó so mọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, á tún dá ara rẹ̀ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Office ni kẹ́ ẹ béèrè, torí ìsọ̀ míì á fi ayédèrú dí i.

Ẹ dúró tì wọ́n, kẹ́ ẹ sì fi sùúrù béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, kí ni Observateur d'événements wí? Ṣé ẹ ti wo ProfileList? Níbo lẹ fẹ́ kó ẹ̀dà sí, ṣé mo lè rí i kẹ́ ẹ tó fọ́màtì?" Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á dáhùn láìbínú, á tilẹ̀ máa fi hàn yín. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé sílẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá nírọ̀lẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yín.

Fún ará Kétu tàbí Sabẹ tí ọ̀nà ìsọ̀ jìn sí, ohun mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ ṣe nígbà tára ẹ̀rọ ṣì le. Ẹ dá àkáǹtì alákòóso kejì sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa lò. Ẹ tẹ SystemPropertiesProtection, ẹ yan C:, Configurer, kẹ́ ẹ tan Protection du système, kẹ́ ẹ fún un ní bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún àyè dísìkì. Onduleur kékeré ni ìkẹta fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Kò ní gbé yín dé òwúrọ̀, àmọ́ ó máa fún yín ní ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ nílò láti jáde dáadáa nígbà tí iná bá lọ. Ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì kejì náà àti nọ́ńbà oní-díjíìtì 48 ti BitLocker, ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kẹ́ ẹ fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ.